Ìbọn Tí Baba Alápẹ̀rẹ̀ Fi Ń Wọ̀n Wá

Àádọ́ta náírà ni wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ọjà ní Ìkòsì máa ń gbà lọ́wọ́ wa láti lu ìdí kọ́ńgò wọnú. Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń ta gàrí ní Mile 12, tó ní òun ò lu ìdí kọ́ńgò rí, irọ́ ló ń pa, tàbí kó jẹ́ pé ó ti kógbá sílé. Ìyá mi ló kọ́ mi. Wẹ́dà á dojú kọ́ńgò bolẹ̀, á fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ìdí ẹ̀ á yọ sínú bí ìdodo ọmọ tuntun. Tí ẹ bá wá bu gàrí sí i, á kún, á ga ṣóńṣó lórí, oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, á tún máa dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ìdí wò. Orí ni gbogbo èèyàn ń wò.

Ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Baba Alápẹ̀rẹ̀ ni a ń pe bàbá tó bí bàbá mi, torí pé Alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí irà. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ní èèyàn dáadáa ni. Mo ní ẹ ṣeun. Nínú mi mo ní, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń kí wa fún.

Ọdẹ ni. Kì í ṣe ọdẹ tó ń fọn fèrè ṣọ́ àdúgbò o, ọdẹ tó ń pa ẹran. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, kò jìnnà sí bọ́dà, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ kó tó wá sí Èkó. Ní Èkó, irà tó lọ láti Ketu dé Ìṣẹ́rí ló ń wọ̀, ọ̀yà ló sì ń bá bọ̀. Á so ó kọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ketu, ojú ọ̀yà á máa wolẹ̀. Baba náà á jókòó tì í, ojú tiẹ̀ náà á máa wolẹ̀, torí ìtìjú gbáà ni iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ kan mọ́tò kan dúró, ìyá olówó kan yọrí jáde.

“Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé tútù ni?”

“Ẹ bi í.”

“Èló ni gbogbo ẹ̀?”

“Èló lẹ fẹ́ san?”

“Ẹgbẹ̀rún kan.”

“Ìrù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n gé e fún yín.”

Obìnrin náà bínú lọ. Mo ní, “Baba, ẹ̀ ń lé oníbàárà.” Ó tutọ́ sílẹ̀. “Ìyá mi,” bó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí Ìyábọ̀ lorúkọ mi, “ta ló ń pe ìyẹn ní ẹran? Ẹran tí kò bá lè pa ọ́, ẹ̀fọ́ ni.”

Ẹran tó lè pa èèyàn ni Baba fẹ́. Ìmàdò, tí eyín ẹ̀ yọ síta bí ọ̀bẹ méjì. Ẹfọ̀n, tó bá rí i. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n bá ti fẹ́ẹ́ máa dáná sun koríko nílé, á di ẹrù, á padà sí abúlé. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò rí ẹni mú dání. Daddy mi nìkan lọmọ ọkùnrin tó bí. Ọdún tí Daddy tó ọdẹ í ṣe ló gun ọkọ̀ agégẹdú sá wá sí Èkó, tó lọ ń ta táyà àlòkù. Láti ìgbà náà, “Ìyàwó” ló ń pe Daddy. Á wọlé, á ní, “Ìyàwó, kí lẹ sè?” Daddy á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín ẹ̀.

Nítorí náà, ara Kúnlé àbúrò mi ni gbogbo ojú Baba wà. Ọdẹ́kúnlé lorúkọ tó fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Òun nìkan lọkùnrin nínú àwa ọmọ ọmọ.

Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń jà lórí owó ilé ni àwa ń jà lórí ọjọ́ orí tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran ńlá. Mummy ní kò sí ọjọ́ orí kankan. Daddy ní ó dìgbà tó bá ṣe WAEC. Pásítọ̀ wa, tó máa ń jẹ ọ̀yà Baba lọ́fẹ̀ẹ́, ní méjìdínlógún ni ìjọba wí.

“Méjìdínlógún!” Baba ní. “Pásítọ̀, ṣé ìmàdò ń wo kàlẹ́ńdà ni?”

“Baba, ọmọdé lọmọdé ń jẹ́.”

“Ẹ fi ẹnu yín jẹran. Ìbọn ló máa sọ.”

Òfin ìbọn rèé, bí bàbá tiẹ̀ ṣe fi lé e lọ́wọ́. Ìbọn ṣakabùlà ni, ó gùn gbọọrọ, òun náà ni gbogbo abúlé fi ń wọ̀n ọmọ. Wọ́n á fi ìdí ẹ̀ tilẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ dúró tì í láìwọ bàtà. Tí àgbọ̀n ọmọ bá kọjá ẹnu ìbọn, ó ti tó. Tí kò bá kọjá, kó lọ bá àwọn obìnrin pọnmi. Kì í ṣe eré o. Níbi tí wọ́n ti ń lé ìmàdò jáde nílé wa, ìdí igi ni ọdẹ kọ̀ọ̀kan ń dúró sí, igi tí wọ́n ti ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó wá ku ẹyọ kan. Ẹni tí àgbọ̀n ẹ̀ bá kọjá ẹnu ìbọn, tó bá nawọ́ sókè, tó fò, ọwọ́ ẹ̀ á ba ẹ̀ka yẹn, á fà á, á gbé ẹsẹ̀ sókè, ìmàdò á kọjá nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tí kò bá tó, kò tó nìyẹn. Baba tí kò dé ẹnu ọ̀nà súkúù ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó sì yé mi ju gbogbo ohun tí tíṣà fi ọdún mẹ́fà kọ́ mi. “Ìbọn ò mọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Ẹ̀ka náà ò mọ̀ ọ́n.”

Àgbọ̀n tèmi kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo kàn lọ dúró ti ìbọn fúnra mi lójú gbogbo ilé, ẹnu ẹ̀ kàn mí lọ́rùn.

“Baba, mo ti tó.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ga ju Mummy lọ, díẹ̀ ló kù kí n bá òun alára dọ́gba. Gbogbo ilé ń retí. Ó ní, “Obìnrin kì í ga, Ìyá mi. Ó kàn ń gùn ni.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Mo mọ̀ ọ́n rín.

Ọdún tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo èèyàn ń pariwo “hẹ́lò” lójú títì, ni ẹnu ìbọn bẹ́. Ẹ̀tù ni Baba rọ jù. Ó yìn ín sí ọ̀nì kan nínú irà, ọ̀nì ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ẹnu ìbọn ló là yẹ̀rì bí òdòdó. Ó fi ẹní wé e, ó gbé e rù mí, ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn, mo ti ń bá Mummy tajà. Mo mú kọ́ńgò tuntun méjì dání, kí n má lọ lásán.

Wẹ́dà tú ẹní, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Baba, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé mi báyìí?”

“Ọlọ́pàá dà níbí?”

“Mi ò lè wẹ́ ẹ o. Tí mo bá wẹ́ ẹ, ojú yín ló máa bẹ́ sí. Àfi kí n gé e.”

“Gé e.”

Ó fi ayùn irin gé e. Ohun tó jábọ́ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ìka mẹ́jọ gbáko. Ọmọ ilé wa kì í ga ju ìbú ìka mẹ́ta lọ lọ́dún, Mummy máa ń sàmì sí ara ilẹ̀kùn. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ó dín díẹ̀, ni wẹ́dà gé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló gba kọ́ńgò méjèèjì, ó lu ìdí wọn wọnú fún mi.

Mo dìde dúró ti ìbọn. Ẹnu tó ń kàn mí lọ́rùn ti sọ̀ sí mi láyà.

“Baba, ìbọn yìí ti kúrú o.”

“Ìbọn kì í kúrú. Ìwọ lo ga.” Ó mú irin tó jábọ́, ó jù ú sínú àpò ṣòkòtò.

“Tí ẹ bá wá fẹ́ wọ̀n Kúnlé ńkọ́?”

Ó wo ojú mi. Ó wo kọ́ńgò méjèèjì tí mo gbé lọ́wọ́. “Ìyá mi, ṣé mo bi ọ́ léèrè ohun tó wà ní ìdí ìyẹn?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run ló mọ̀, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín délé, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ọyẹ́ ọdún yẹn dé. Baba gbé ìbọn wá sí àgbàlá ilé wa. Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá. Lọ́dún tó ṣáájú, orí ẹ̀ àti ẹnu ìbọn ni wọ́n jọ dọ́gba, gbogbo wa la rí i. Wàyí o, ó bọ́ bàtà, ó dúró, àgbọ̀n ẹ̀ yọ lókè ẹnu ìbọn bí oṣù tuntun.

“Háà! Ọmọ yìí mà ga o!” Mummy ní. “Ẹ̀wà tí mò ń fún un ni.” Mummy tó kọ́ mi ní ìdí kọ́ńgò nìyẹn o. Orí ni òun náà wò.

Daddy ló sún mọ́ ìbọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ tó ń dán. “Baba, ìbọn yìí...”

“Kí ló ṣe é, Ìyàwó?”

Daddy wo ilẹ̀. “Kò ṣe nǹkan kan.”

Kúnlé ò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ń fò kiri àgbàlá bí ọmọ ewúrẹ́. Ó sáré wá bá mi, ó dì mọ́ mi ní ìbàdí. “Sístà mi, ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i?”

Mo ní, “Mo rí i.”

A lọ sí abúlé. Èmi bá wọn lọ láti sè, láti pọnmi. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé Kúnlé sí ìdí igi tí bàbá Baba dúró sí láyé ijọ́un. Iná ti gba koríko, àwọn èèyàn ń hó láti apá kejì, ìmàdò kan já lu ìta, akọ, ó tóbi tó àpò gàrí méjì. Kúnlé yìn ín. Ó bà á léjìká. Ọmọ náà ò ṣe àṣìṣe kankan o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ó ju ìbọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó nawọ́ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìka ẹ̀ kan ẹ̀ka. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ èèpo igi lábẹ́ èékánná òun. Ó kàn án, kò dì í mú. Ó jábọ́. Ó tún fò.

Ìmàdò fi eyín la itan ẹ̀ láti orúnkún dókè.

Baba fi àdá pa ẹran náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Baba ò láyà, ó bọ́ sí i lọ́rùn ni. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, Kúnlé wà nílẹ̀, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ohùn níbẹ̀. Baba ò tíì wò ó. Òkè ló ń wò. Ó wo ẹ̀ka, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó tún wo ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ ara ẹ̀ láti fi dì í. Bó ṣe ń dì í ló ń sọ pé, “Ó yẹ kó fò dáadáa ni.”

Ọ̀kadà la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Ó ga ju ìbọn lọ,” Baba ní.

“Baba, mi ò bi yín nípa ìbọn. Ọmọ ọdún mélòó?”

“Mo ti dá ọ lóhùn.”

Wọ́n rán ẹsẹ̀ náà. Kúnlé ò kú, ṣùgbọ́n iṣan tó wà lẹ́yìn orúnkún ti já, ẹsẹ̀ náà ká, kò nà mọ́ láti ọjọ́ náà. Nílé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ẹran nìbọn ló ni itan ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Baba gbé itan ìmàdò tí wọ́n ti yan wá síbi bẹ́ẹ̀dì Kúnlé, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e lé ọmọ láyà. “Itan rẹ rèé.”

Mummy ti dé láti Èkó nígbà yẹn. Ó gba itan náà, ó jù ú gba ojú fèrèsé. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí Baba ṣe. Ó jáde, ó ṣà á nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ nù, ó lọ tà á níta. Ó padà wọlé, ó ní, “Ẹran ò ṣẹ̀ yín.”

Mummy ò jẹ́ kó wọ ilé wa mọ́. Daddy ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ti fọwọ́ kan ẹnu ìbọn. Èmi ń lọ kí i ní Alápẹ̀rẹ̀, torí èmi àti ẹ̀ la mọ ohun tí a mọ̀, ẹni méjì tó jọ jalè kì í lè jìnnà síra wọn. Kúnlé náà ń lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn o. Ó máa ń fi ọwọ́ ti orúnkún, á rọra tẹ̀, á rọra tẹ̀, láti Ketu níbi tó ti ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn, dé ẹnu ọ̀nà Baba. Baba á pe àwọn aládùúgbò. “Ọmọ mi rèé. Ó pa ìmàdò ní ọmọ ọdún méjìlá!” Kúnlé á yọ̀, á tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá dé ibi ẹ̀ka, á ní, “Ó ku díẹ̀ báyìí, mi ò kàn fò dáadáa ni.” Èmi á máa wo Baba, Baba á máa wo irà.

Nígbà tó kú, èmi àti Kúnlé la lọ palẹ̀ yàrá ẹ̀ mọ́. Ọdẹ́gbèmí, àbúrò Baba, ti wá láti abúlé láti wá gbé ìbọn, ó jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ó ń mu sìgá. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Kúnlé ti rí agolo bisikíìtì kan. Akísà ló wà nínú ẹ̀. Nínú akísà, irin, àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá, irin náà ò dípẹtà. Epo ló ń tàn lára ẹ̀. Baba ti ń pa epo sí i lára.

Kúnlé yí i sọ́tùn-ún sósì. Ó gbé e lé ẹnu ìbọn tó fara ti ògiri. Ó bá a mu. Ojú ẹ̀ ò yí padà. Ó kàn bọ́ bàtà, ó dúró tì í bó ṣe máa ń dúró, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ká, ọwọ́ lórí orúnkún. Ọmọ ogún ọdún ni. Àgbọ̀n ẹ̀ fi ìka méjì wà nísàlẹ̀ ẹnu irin.

“Sístà mi,” ó ní, ó rẹ́rìn-ín, “mi ò tíì tó.”

Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Ẹ̀rín ò jáde.

Ó gbé irin náà fún Ọdẹ́gbèmí. “Bàbá, ẹ gbé eléyìí dání, kí wọ́n lọ wẹ́ ẹ mọ́ ọn. Wọ́n ti gé ìbọn yìí tipẹ́.”

“Ta ló ní wọ́n gé e?”

Kúnlé ò mọ̀. Mo rí i pé ọkùnrin náà máa gbé ìbọn lọ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ni wọ́n máa fi wọ̀n tó bá dé ọ̀hún. Mo ní, “Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gé e. Èmi ni mo rù ú lọ bá wẹ́dà. Kúnlé kò tíì pé méjìlá.”

Ọdẹ́gbèmí fi imú tú èéfín jáde, kò tiẹ̀ wò mí. “A mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e délé la ti rí i. Ta ni kò ní rí i?”

“Ẹ rí i, ẹ sì jẹ́ kó dúró sídìí igi?”

“Ọmọ mi, àwọn ọmọ ò dúró mọ́. Tí wọ́n bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, Èkó ni, ọ̀kadà ni. Ẹni tí a bá máa kọ́, à á tètè mú un.” Ó dìde, ó dá irin padà fún wa, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. “Ẹ̀gbọ́n mi alára ti fẹ́yàwó kó tó pa ìmàdò àkọ́kọ́, orí igi ló sì ti yìn ín, tó ń gbọ̀n. Ẹ tọ́jú irin yín. Bó ṣe rí yìí ló dára. Ọmọ mẹ́rin ló ti ń ga bọ̀ nílé.”

Ó lọ. Ó ku èmi àti Kúnlé àti agolo bisikíìtì. Kúnlé wọ bàtà ẹ̀, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ tán torí ẹsẹ̀ yẹn, mo fẹ́ bá a wọ̀ ọ́, ó fà á kúrò lọ́wọ́ mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Lọ́jọ́ yẹn ní àgbàlá. Ẹ rí i?”

Mo ní, “Mo rí i.”

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ agboòrùn ẹ̀ kọjá ní Ketu, fóònù ló ń wò. Àwọn èèyàn ní ó máa rọ̀ tó bá yá. Èmi tí mò ń tajà, mo mọ oníbàárà tí kò ní padà wá.

Irin yẹn wà nínú ìsọ̀ mi fún oṣù kan, ó ń wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé e lọ bá Málàmù tó ń ra irin àlòkù ní Mile 12. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, mo yí òṣùwọ̀n náà dojú bolẹ̀, mo yẹ ìdí ẹ̀ wò dáadáa, kó má lọ rẹ́ mi jẹ. Málàmù ń wò mí bí wèrè. Ó ní náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ọgbọ̀n. Ó ní irin kékeré ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo ní kò lè mọ̀ ọ́n. A ná an títí, ó fún mi ní ogún náírà.